Wọ́gi Lé Kì í Ṣe Pa Rẹ́

Nínú iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń ṣe, mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, n óò sì máa wo ohun méjì: pátákó tí olùkọ́ ń kọ̀wé sí, àti ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí olùkọ́ bá ṣe àṣìkọ lórí pátákó, yóò mú àkísà, yóò nù ún kúrò, ojú pátákó yóò sì mọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun síbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣe àṣìkọ nínú ìwé tí ó fi bírò kọ, kò lè nù ún. Igi ni yóò fà lé e, yóò sì kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà ní ọdún mẹ́wàá òní yóò rí àṣìkọ náà lábẹ́ igi tí a fà, yóò sì lè kà á. Ti pátákó ni Yorùbá ń pè ní pípa rẹ́. Ti ìwé ni à ń pè ní wíwọ́gi lé.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì tí mo ti wọ̀, mo rí i pé a ti ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pàápàá nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìjọba àti òfin. Olùkọ́ a dìde, a ní, “Ní ọdún báyìí, wọ́n ṣe òfin báyìí, ní ọdún báyìí, wọ́n pa á rẹ́.” Ọmọ a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí òfin náà ṣe ti bá òfin náà lọ. Àṣìṣe ńlá ni. Kì í ṣe àṣìṣe ìtàn nìkan, àṣìṣe èdè ni pẹ̀lú. Èdè wa sì ti fún wa ní ohun tí a lè fi yẹra fún un, bí a bá fẹ́ lò ó.

Kò sí Yorùbá tí ó ti dàgbà tó tí kò mọ ohun tí wíwọ́gi lé jẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, àwọn ènìyàn Nàìjíríà dìbò yan Ààrẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun wọ́gi lé ìdìbò náà. Bẹ́ẹ̀ ni a sọ ọ́ ní ọjà àti ní ààfin, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu rẹ́gí. Igi dé orí ìdìbò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ṣì ń ka ohun tí ó wà lábẹ́ igi. Ní ọdún 2018 ni ìjọba fi oyè tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè dá olóògbé Abíọ́lá lọ́lá, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà sì ti di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Ohun tí a pa rẹ́ kì í padà wá gba oyè.

Bí ti ìdìbò ti rí, bẹ́ẹ̀ ni ti òfin. Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa fò lókè bí ẹyẹ tí kò ní igi tí yóò bà lé, mo fẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ ní àdúgbò kan. Àdúgbò náà ni Bertrams, ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà. Mo mú un nítorí pé òfin tí ó ti bà lé àdúgbò náà, tí ó sì ti kú lórí rẹ̀, pọ̀ ju bí àdúgbò náà ti tóbi lọ. Mo sì mú un nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá wà nínú wọn, wà lára àwọn tí ó ti fi ibẹ̀ àti àyíká rẹ̀ ṣe ibùgbé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa.

Ọdún 1886 ni a tẹ Johannesburg dó nítorí wúrà; ní 1889 ni a pín ilẹ̀ Bertrams, ní ìhà ìlà-oòrùn àárín ìlú, nítòsí ibi tí pápá ìṣeré Ellis Park wà lónìí. Ilé kéékèèké ni ó pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ń gbé inú wọn kò sì jẹ́ ẹ̀yà kan: òyìnbó tálákà, àwọn Júù, àwọn ará Índíà, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀, àti àwọn adúláwọ̀. Ní 1934, ilé aṣòfin ṣe òfin kan nípa ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Orúkọ òfin náà kò mẹ́nu ba àwọ̀ ara. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni ó gbé jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi í ṣiṣẹ́ ní Bertrams, àwọn tí kì í ṣe òyìnbó ni a kó kúrò, ilé tí ìgbìmọ̀ ìlú sì kọ́ sí ipò ti àtijọ́ di ti àwọn òyìnbó tí kò lówó. Ní 1950 ni òfin tí ó sọ ojú abẹ níkòó wá dé, èyí tí n óò máa pè ní Òfin Ìpín-Àdúgbò. Ó pín àwọn ìlú ní ìpín-ìpín gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn gbé ibi tí a kò pín fún irú tirẹ̀.

Báwo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ń kú? Bí mo ti rí i, ọ̀nà mẹ́ta ni òfin ń gbà kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wa.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí ẹni tí ó ṣe òfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi lé e. Ní 1991, ilé aṣòfin Gúúsù Áfíríkà ṣe Òfin 108 ti ọdún náà. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, Òfin Ìpín-Àdúgbò di èyí tí a wọ́gi lé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òfin ilẹ̀ ti 1913 àti 1936 tí ó ti dín ilẹ̀ tí adúláwọ̀ lè ní kù sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ó yẹ kí inú ẹni dùn sí i, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ka irú òfin bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìwé ìtàn tàbí ewì, tí a wò ó láti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, a óò rí i pé ohùn rẹ̀ tutù púpọ̀. Ó dárúkọ òfin, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnì kan tí òfin náà lé kúrò nílé. Àti pé adúláwọ̀ kankan kò tíì ní ìjókòó nínú ilé aṣòfin tí ó ṣe é. Ọwọ́ tí ó kọ ọ́ náà ni ó wọ́gi lé e. Adúláwọ̀ tí a ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà kíkọ, kò sì sí níbẹ̀ nígbà wíwọ́gi lé.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, bí a bá wọ́gi lé òfin kan, àwọn adájọ́ a máa ṣe bí ẹni pé òfin náà kò wáyé rí, àfi ní ti ọ̀ràn tí ó ti kọjá tí a sì ti parí. Èyí súnmọ́ pípa rẹ́. Bí a bá sì tún wọ́gi lé òfin tí ó wọ́gi lé òfin, ti àkọ́kọ́ a jí dìde nínú sàréè. Èyí dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Ní 1850 wọ́n fi òpin sí àjíǹde òfin. Ní 1889 wọ́n sì là á sílẹ̀ kedere pé bí a bá wọ́gi lé òfin, ohun tí a ti ṣe lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè dúró: ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ti ní kò bọ́, gbèsè tí ó ti jẹ kò parẹ́, ìyà tí ó tọ́ sí i kò yẹ̀. Ìlànà yìí ni ó wà ní ìpín kẹfà òfin ìtumọ̀-òfin ti Nàìjíríà, òun náà ni ó sì wà ní ìpín kejìlá irú òfin bẹ́ẹ̀ tí Gúúsù Áfíríkà ṣe ní 1957. Ìyá kan náà ni ó bí wọn. Nítorí náà, àwọn amòfin pàápàá ti dúró ní oríta yìí rí, wọ́n ní láti yàn láàrin pípa rẹ́ àti wíwọ́gi lé, wíwọ́gi lé ni wọ́n sì yàn.

Ẹ má ṣe rò pé ìlànà náà burú. Bí kò bá sí i, ẹni tí ó ra ilé lábẹ́ òfin àná lè jí lónìí kí ó máa bá olè du ilé náà. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni. Òun ni ó dáàbò bo ẹni tí ó rà, òun náà ni ó sì fi ẹni tí a lé kúrò ní Bertrams sílẹ̀ níbi tí a lé e lọ. Ilẹ̀kùn ti ṣí fún un ní 1991 láti padà wá ra ilé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún un ní owó tí yóò fi rà á?

Àwọn àfáà wa mọ irú ìyàtọ̀ yìí ní ti ẹ̀sìn. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù gbà pé àṣẹ tí ó wà nínú ẹsẹ kan lè kúrò, kí kíkà ẹsẹ náà sì dúró. Ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń pè ní násíkì. Ọmọ ilé-kéú lè ka ẹsẹ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì mọ̀ pé àṣẹ mìíràn ni òun yóò tẹ̀lé. Kò sí ẹni tí ó ní kí a ya ojú ewé náà.

Nítorí pé kíkà ni iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a wo bí orúkọ òfin ṣe lè purọ́ mọ́ni. Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní 1952, ilé aṣòfin Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin kan tí orúkọ rẹ̀ ní òpin ti dé bá ìwé ìrìnnà tí àwọn adúláwọ̀ ń gbé kiri. Ẹni tí ó ka orúkọ nìkan yóò jó. Ṣùgbọ́n inú òfin náà ni a ti kó gbogbo ìwé kéékèèké ìgbà náà pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, tí a sì pa á láṣẹ pé kí adúláwọ̀ tí ó ti ju ọmọ ọdún 16 lọ máa gbé e kiri. Nígbà tí ó ṣe, ó kan àwọn obìnrin náà. Èyí ni àwọn obìnrin bí 20,000 ṣe rìn lọ sí Pretoria ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1956 láti kọ̀. Èyí ni a ṣe pa ènìyàn 69 ní Sharpeville ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1960. Lẹ́yìn ìpànìyàn náà, ìjọba dá òfin náà dúró fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún un mú lò. Ọdún 1986 ni a tó wọ́gi lé e ní tòótọ́. Kí olùkọ́ má ṣe fi orúkọ òfin kọ́ ọmọ láìjẹ́ pé ó ti wo ilé tí orúkọ náà ti jáde wá.

Àwa náà ní ìtàn tiwa lórí ẹni tí ó ní àṣẹ láti wọ́gi lé òfin. Ní Ọ̀yọ́, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ níláti bá a lọ. Aláàfin Àtìbà fẹ́ kí òfin yìí dópin, kí Adélù ọmọ òun lè jọba lẹ́yìn òun, àwọn ará Ìbàdàn sì fara mọ́ ọn. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859 tí Adélù gun orí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ní tirẹ̀, òfin ṣì wà láàyè, ẹni tí ó sì yẹ kí ó ti kú ni ó jókòó sórí ìtẹ́ yẹn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Nígbà tí yóò fi di 1862, Ìjàyè ti túká. Ènìyàn lè dá Kúrunmí lẹ́bi pé ó ń jà fún òfin tí ń pa ọmọ nítorí baba. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó béèrè kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀: òfin tí gbogbo ìlú jọ ní, ta ni ó lè dá wọ́gi lé e? Òfin burúkú pàápàá ní ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà sin ín.

Ọ̀nà kejì tí òfin ń gbà kú ni pé kí a pa á tì. Kò sí ẹni tí ó fa igi lé e, kò sí ẹni tí ó kéde rẹ̀. Àwọn ènìyàn kàn ṣíwọ́ láti máa tẹ̀lé e, àwọn alágbára sì ṣíwọ́ láti máa fi í mú ènìyàn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèwọ̀ ṣe kú ní ilẹ̀ wa. Agogo kò dún fún wọn. Àwọn amòfin Róòmù gbà pé irú ikú bẹ́ẹ̀ jẹ́ ikú lóòótọ́, nítorí pé bí ìlú bá lè fi ohùn rẹ̀ ṣe òfin, ó lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ pa á. Òfin Róòmù tí àwọn ará Hóláńdì gbé lọ sí Gúúsù Áfíríkà gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Ní 1817, ọkùnrin kan tí a fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, ó ní kí òun àti olùfisùn jà, kí ìjà dá ẹjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí òfin àtayébáyé ti wí. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò wọ́gi lé òfin náà rí. Olùfisùn kò jà, ọkùnrin náà sì lọ lómìnira. Ní 1819 ni ilé aṣòfin sáré wọ́gi lé e.

Irú ikú kejì yìí dé Bertrams kí ti 1991 tó dé. Nígbà tí ó fi di ọdún 1980 síwájú, ilé ṣófo ní àwọn àdúgbò tí a pín fún òyìnbó ní àárín Johannesburg, nígbà tí ilé kò tó fún àwọn ará Índíà àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀ ní ibi tí a pín fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí Mayfair, Hillbrow, Bertrams àti àwọn àdúgbò mìíràn; adúláwọ̀ náà sì tẹ̀lé wọn. Ní 1982, ẹjọ́ obìnrin kan dé iwájú Adájọ́ Richard Goldstone, èyí tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Govender. Adájọ́ náà kò sọ pé òfin náà kò sí. Ohun tí ó sọ ni pé bí a bá tilẹ̀ dá ènìyàn lẹ́bi lábẹ́ Òfin Ìpín-Àdúgbò, kò túmọ̀ sí pé kí a lé e jáde kíákíá. Adájọ́ níláti kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹni náà yóò forí pamọ́ sí. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn kò sí, nítorí náà lílé ènìyàn jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “Níbo ni yóò lọ?”, ni ó gba eyín lẹ́nu òfin náà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin ikú yìí jù. Òfin tí a pa tì ń sùn ni, ẹni tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì lè sùn. Ẹni tí ó háyà ilé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò lè pe onílé lẹ́jọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lòdì sí òfin. Onílé mọ̀ bẹ́ẹ̀, a fowó lé owó ilé, a sì jẹ́ kí òrùlé máa jò. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni òfin náà fi wà bẹ́ẹ̀, kò kú tán, kò sì yè. Díẹ̀ nínú ìbàjẹ́ ilé tí àlejò ń rí ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí adájọ́ sọ òfin di òfo. Èyí yàtọ̀ sí méjì ìṣáájú. Aṣòfin tí ó wọ́gi lé òfin ń sọ pé, “Láti òní lọ, kò sí mọ́.” Adájọ́ tí ó sọ ọ́ di òfo ń sọ pé, “Láti ìgbà tí ó ti tako òfin tí ó jù ú lọ, kì í ṣe òfin.” Nínú gbogbo ọ̀nà mẹ́ta, òun ni ó súnmọ́ pípa rẹ́ jù, nítorí náà gan-an ni ìwé òfin-ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti 1996 ṣe fún àwọn adájọ́ láyè láti dín bí ìdájọ́ wọn yóò ti padà sẹ́yìn tó kù, kí ohun tí ó ti kọjá má bàa wó lulẹ̀ lé gbogbo ènìyàn lórí.

Agbára yìí kì í dùn mọ́ àwọn alágbára nínú. Ní 1951, ilé aṣòfin Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin láti yọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀ ní Cape kúrò nínú ìwé olùdìbò tí àwọn àti òyìnbó jọ wà. Ní oṣù kẹta 1952, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Bloemfontein sọ ọ́ di òfo, nítorí pé a kò gba ọ̀nà tí òfin-ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà là sílẹ̀. Ilé aṣòfin bínú, ó sọ ara rẹ̀ di ilé-ẹjọ́ kí ó lè yí ìdájọ́ náà padà. Àwọn adájọ́ sọ ìyẹn náà di òfo. Ìjọba wá fi ènìyàn tirẹ̀ kún ilé aṣòfin àgbà títí iye tí ó ń wá fi pé, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ohun tí ó fẹ́ ní 1956. Kí a má ṣe rẹ́rìn-ín wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi tí ó ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn wa wá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà sọ òfin ológun tí a fi gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ènìyàn di òfo. Kò pé oṣù kan tí ìjọba ológun fi gbé Òfin 28 ti ọdún náà jáde, tí ó sọ ìdájọ́ gan-an di òfo. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀, ṣọ́jà ní ìbọn.

Láti 1994 ni ìyẹn ti yí padà ní Gúúsù Áfíríkà, Bertrams sì súnmọ́ ibi tí a ti dán an wò. Láàrin 2017 àti 2018, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn ya wọ àwọn ilé gbígbé kan ní àárín Johannesburg láìsí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́. Wọ́n tú ẹrù àwọn tálákà, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìgbélùú. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà wà ní New Doornfontein, tí ó múlé gbe Bertrams. Àwọn olùgbé pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2021, Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ sọ apá kan nínú òfin ọlọ́pàá ti 1995 di òfo, èyí tí ó fún ọlọ́pàá láyè láti tú ilé àdáni láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ kíyè sí i pé apá kan ni. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ méjì fún èyí: ọ̀kan fún gígé lára òfin, èkejì fún mímú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwa náà lè sọ pé a gé e lára; kò sí ìdí tí a ó fi sọ pé a pa á rẹ́. Ìtùnú sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn tí ó mú òfin so ilẹ̀ kì í ṣe aṣòfin tàbí olówó, bí kò ṣe àwọn tí ń háyà yàrá.

Ó ku ohun tí ó wà lẹ́yìn igi tí a fà. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbà kí ọmọ fa igi lé àṣìkọ kí ó sì dákẹ́, yóò ní, “Àtúnṣe rẹ̀ dà?” Òfin 1991 fa igi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ilé aṣòfin tí gbogbo ènìyàn dìbò yàn ṣe Òfin 22 ti 1994, pé kí àwọn tí a fi òfin tàbí ìṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wọn láti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1913 wá béèrè rẹ̀. Èyí ni àtúnṣe tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ àṣìkọ. Òpin 1998 ni a fi gbèdéke sí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kò tíì béèrè, a tún ilẹ̀kùn náà ṣí ní 2014. Ṣùgbọ́n ní 2016, ilé-ẹjọ́ sọ òfin ìṣílẹ̀kùn náà di òfo, nítorí pé ilé aṣòfin sáré ṣe é láìfún àwọn ará ìlú láyè tó láti sọ tẹnu wọn. Ìbéèrè Kúrunmí ni èyí lẹ́nu ilé-ẹjọ́: ta ni ẹ bá jíròrò kí ẹ tó ṣe é? Ó dára kí a rí i pé òfin tí ń ṣe rere pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè náà.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, pé Yorùbá a máa sọ pé a pa òfin rẹ́, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́. Òtítọ́ ni pé a ń sọ ọ́. À ń bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú pé kí ó pa ẹ̀ṣẹ̀ wa rẹ́, nítorí pé a gbà pé Òun lè sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìjọba kan kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa fún un. Nígbà tí a bá sọ fún ọmọ pé ìjọba pa òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà rẹ́, ọmọ náà yóò béèrè, bí ọmọ kan ti béèrè lójú mi, pé kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn náà fi tòṣì títí di òní. Bí ó bá jẹ́ wọ́gi lé ni a sọ, ìdáhùn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ojú àpá kì í jọ ojú ara.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Bí aṣòfin bá mú òfin kúrò, ó wọ́gi lé e. Bí adájọ́ bá mú un kúrò, ó sọ ọ́ di òfo. Bí ìlú bá gbàgbé rẹ̀, ìlú pa á tì. Kí ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ̀kan nínú wọn mọ ẹni tí ó ṣe é, kí ó mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí òfin náà ti pa lára àti àtúnṣe tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a fi pípa rẹ́ sílẹ̀ fún pátákó, níbi tí àkísà wà.